Má Kọ "A Dúpẹ́" Sínú Ìwé Fọ́ọ̀tì

Agége,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Àṣàkẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé inú ṣì ń bí ọ. Lọ́jọ́ Àìkú o wá láti Ìkejà, o jókòó tì mí nínú kíṣìnnì, o ro gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ tuntun rẹ fún mi, o wá bi mí pé, "Màmá, kí ni kí n ṣe?" Mo ní kí o kọ́kọ́ jẹun. O jẹun tán, o tún bi mí. Mo ní ẹ̀wà náà ti tutù, ṣé kí n gbé e kaná. O wò mí bí ẹni ń wo àlejò, o gbé báàgì rẹ, o lọ. Kì í ṣe pé n kò mọ ìdáhùn. Ohun tí n kò lè ṣe ni kí n sọ ọ́ kí o sì máa wojú mi.

Àlàbá, awakọ̀ tó ń gbé omi wá sí ilé iṣẹ́ yín, ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ yóò ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó gùn, mo mọ̀. Kà á délẹ̀, má fi ìkankan sílẹ̀ dọ̀la.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ, kí o lè mọ̀ pé mo ń gbọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tí mo ń ṣe bí ẹni ń ro ọbẹ̀. Ìwọ àti Ràfíù lẹ jọ ń tọ́jú àwọn súíìṣì, ìyẹn àwọn àpótí tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ yín já sí. Oṣù méjì péré lo lò níbẹ̀, wọn kò tíì fún ọ ní ìwé ìgbàsíṣẹ́ gidi. Súíìṣì kọ̀ọ̀kan máa ń kọ ohun tó bá ń ṣe é sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ sì ń pe àkọsílẹ̀ náà ní lọ́ọ̀gì. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ojú ihò tí wáyà sítọ́ọ̀ já sí ń kú, ó ń jí. Ràfíù sọ fún ọ̀gá yín lẹ́ẹ̀mejì pé kí wọ́n pààrọ̀ súíìṣì náà, ọ̀gá yín ní kò sí òmíràn. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ó kú, kò jí mọ́. Àwọn ọkọ̀ tó wá kó ẹrù dúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá yín wá ní Ràfíù ló fa wáyà yọ, nítorí pé òun ni agbẹnusọ àwọn òṣìṣẹ́. Láti Jímọ̀ ni Ràfíù ti wà ní àtìmọ́lé. Lọ́túnla, Ọjọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ yóò jókòó, wọ́n á pè ọ́ wọlé, ọ̀gá yín sì ti ní kí o sọ pé súíìṣì kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lọ́ọ̀gì wà. Ìwọ nìkan lo mọ ibi tó wà.

Ó dáa. Ìwọ náà wá gbọ́ tèmi.

O mọ̀ pé ọpẹrétọ̀ tẹlifóònù ni mí tẹ́lẹ̀. Ohun tí o kò mọ̀ ni ìdí tí mo fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni, ní Ìkejà níbẹ̀ náà. Yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ni mo máa ń jókòó sí, tèmi ti ìgbọ́rọ̀ létí, tèmi ti súíìṣíbọ́ọ̀dù níwájú, laìnì ogójì lórí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé fóònù nínú ọgbà, iná kékeré kan á tàn níwájú mi, màá fi okùn so ó mọ́ ẹni tó ń wá. Mo mọ ohùn gbogbo wọn. Mo mọ ẹni tó ń purọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni ìwé fọ́ọ̀tì wà, ìwé ńlá kan tí èèpo rẹ̀ dúdú. Bí laìnì kan bá ń ṣe ségesège, ibẹ̀ la ó kọ ọ́ sí. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ gbé iṣẹ́ lé ẹnì kejì lọ́wọ́, yóò kọ bí ẹ̀rọ ṣe wà kó tó lọ sílé. Àwọn yòókù máa ń kọ "O.K." Èmi tí mo jẹ́ aláwàdà, "A dúpẹ́" ni mo máa ń kọ. Ìyá Bíọ́lá tó máa ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi á dé, á ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀rọ ńkọ́? Màá ní a dúpẹ́. Ó parí nìyẹn. O mọ̀ wá, o mọ bí a ṣe máa ń ṣe. Bí ilé ẹni jó lánàá, tí wọ́n bá kí i láàárọ̀, a dúpẹ́ ni yóò kọ́kọ́ fi dáhùn kó tó máa ro ẹjọ́. Lẹ́nu, ìwà ọmọlúàbí ni. Nínú ìwé fọ́ọ̀tì, irọ́ ni.

Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, ti wọ ilé gbogbo èèyàn nígbà náà. Ohun èlò kankan kì í dé láti òkè òkun mọ́, wọ́n sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró ní méjìlá méjìlá. Nígbà tó yá, laìnì tó lọ sí yàrá bọ́ílà, níbi tí wọ́n ti ń se omi di ooru, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí kò yé mi. Iná rẹ̀ á tàn fìrí, á kú. Bí mo bá dá a lóhùn, kò sí ohùn èèyàn níbẹ̀, àfi kó máa ta pàràpàrà bí àgbàdo tí wọ́n ń yan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, mo kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀gá ẹnjiníà ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí mo bá kọ fọ́ọ̀tì, òun ni òun máa ń kọ àlàyé fún àwọn tó wà lókè? Ó ní pátì tó yẹ kí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ kò sí ní gbogbo Èkó, àbí èmi ni n ó lọ gbé e wá? Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní kí n máa kọ ohun tó máa jẹ́ kí ara tu gbogbo wa. Àṣàkẹ́, ọjọ́ mẹ́tàlá ni mo fi kọ "A dúpẹ́" síwájú laìnì tó ń kú lọ lójú mi.

Ọkàn mi kò sì balẹ̀. Mo yọ́ lọ bá Bùọ̀dá Àkànní, ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun ló ń tún wáyà ṣe. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi yọjú sí àpótí wáyà bọ́ílà, kó má sì jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́. Kò kọ ọ́ síbì kankan, èmi náà kò kọ ọ́. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ló lọ ṣí àpótí náà. Ó wò ó, ó ní wáyà náà ti jẹrà nínú, òun á wá nǹkan fi dí i lọ́jọ́ kejì. Ó pa á dé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, páìpù ooru bẹ́ ní yàrá bọ́ílà. Bàbá Sàlámì tó ń ṣọ́ ibẹ̀ gbé fóònù láti pè mí, kí n lè bá a pe kílíníìkì. Iná kankan kò tàn. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń jẹ ẹ̀pà. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni Bàbá Sàlámì fúnra rẹ̀ tó ń sáré bọ̀ láti ìdí ọgbà, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, awọ apá rẹ̀ ti bó. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kó kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di ṣíbí mú mọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn sójà ti dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kùn tẹ́lẹ̀ nítorí àwọn tí wọ́n ń dá dúró, nítorí náà wọ́n ní ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ gé wáyà. Wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì máníjà, wọ́n ń pè wá wọlé. Nígbà tó kàn mí, ìwé fọ́ọ̀tì wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Ọ̀gá wọn kì í ṣe Yorùbá, akọ̀wé kan ló ń túmọ̀ fún un. Ó fi ìka tọ ojú ewé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, a dúpẹ́, a dúpẹ́, a dúpẹ́. Kò ṣí ewé tó ṣáájú, níbi tí mo ti kọ fọ́ọ̀tì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní bí laìnì bá dára fún ọjọ́ mẹ́tàlá, tó wá kú lọ́jọ́ kan náà tí ẹnì kan lọ ṣí àpótí rẹ̀, kí ni ká pe ìyẹn? Lẹ́yìn náà ló wá bi mí bóyá ẹnikẹ́ni rán ọkùnrin yìí lọ síbẹ̀.

Bùọ̀dá Àkànní dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀gá ẹnjiníà jókòó lẹ́yìn mi. Kí n tó wọlé, ó ti pàdé mi lẹ́nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ní ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n máa dá dúró lóṣù náà wà lọ́wọ́ òun, òun kò sì tíì kọ ọ́ tán. Bàbá rẹ ń ṣàìsàn nígbà náà. Ìwọ ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Rárá, sà. Kò sẹ́ni tó rán an."

Bùọ̀dá Àkànní wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó wolẹ̀. Oṣù méje ni wọ́n fi tì í mọ́lé. Nígbà tí yóò fi jáde, ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sí ilé iṣẹ́ kan ní gbogbo Ìkejà tó fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Èmi fara dà á fún ọdún kan sí i. Mo wá rí i pé n kò lè gbé ìgbọ́rọ̀ sétí mọ́. Mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, mo sì sọ fún ìwọ àti bàbá rẹ pé etí ló ń dùn mí. Bàbá rẹ kú láìgbọ́ òótọ́ yìí. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún nínú ilé wa. O máa ń bi mí ìdí tí mo fi ń lọ ra ẹran ní ọjà Ọgbà nígbà tí ọjà ẹran Oko Ọba wà nítòsí wa. Mo ní eṣinṣin ibẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ eṣinṣin kọ́. Oko Ọba ni Bùọ̀dá Àkànní ti ń tún rédíò ṣe, lódìkejì ibi tí wọ́n ń so màlúù mọ́. Ó lé lọ́dún mẹ́jọ tí mo ti ń yí ọ̀nà gbà kí ojú wa má baà ṣe mẹ́rin.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn. Gba ọgbọ́n náà lọ́wọ́ mi, má wulẹ̀ jìn síbẹ̀ kí o tó mọ̀.

Èkíní, ìkíni kì í ṣe ìròyìn. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé báwo ni ẹ̀rọ, kí wọn tán ná, dúpẹ́ tán, kí o wá sọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe. Súíìṣì sàn jù wá lọ ní ti èyí, nítorí pé kò mọ ẹni tó ń bú, kò sì bẹ̀rù ẹni tó máa bínú. Ohun tó bá rí ló ń kọ. Iṣẹ́ tìrẹ ni láti má pa á lẹ́nu mọ́.

Èkejì, ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ńbà yẹn. O ṣàlàyé fún mi pé ọ̀nà mẹ́jọ ni súíìṣì pín ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, láti òdo dé méje, àti pé òdo ló burú jù. Mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yé mi. Bí ọmọ ìyá ni wọ́n rí, ẹni tó kọ́kọ́ dé ni ẹ̀gbọ́n. Ọ̀gá yín ní kí o ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo èyí tó bá lé ní méjì, pé àwọn kéékèèké ń dí òun lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ o sọ fún mi fúnra rẹ pé mẹ́ta ni súíìṣì fi ń ròyìn wáyà tó ń kú tó ń jí. Ọ̀kan ṣoṣo ló fi kọjá ibi tí ọ̀gá yín fẹ́ dí! Tí o bá ti gbọ́ tirẹ̀ láti ọjọ́ tí o débẹ̀ ni, Ràfíù kì bá tí ní ẹlẹ́rìí kankan láyé. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Má sì tìtorí ìbínú ọ̀gá lọ ṣí i dé méje, nítorí pé ìyẹn ni ariwo ẹ̀rọ tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí ariwo bá sì pọ̀ jù, kò sẹ́ni tí yóò kà á. Fi í sí márùn-ún. Kí o sì máa kà á láràárọ̀, kó tó di pé o mu tíì.

Aago ńkọ́? Ìyẹn ni ìkẹta. Aago géètì ilé iṣẹ́ wa fi ogún ìṣẹ́jú yá ju aago ọ́fíìsì tí wọ́n fi kọ àkókò ìjàǹbá náà lọ, gbogbo wa ló sì mọ̀, a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ ìwádìí, ìwé géètì ló sọ ìgbà tí Bùọ̀dá Àkànní jáde lẹ́yìn tó ṣí àpótí náà. Ogún ìṣẹ́jú yẹn ló gbé e sún mọ́ àkókò ìjàǹbá ju bó ṣe yẹ lọ. O ní bí wọ́n bá mú iná lọ, tí súíìṣì kú, déètì àti aago rẹ̀ á padà sí ọdún tí wọ́n ṣe é. Jọ̀ọ́, àkọsílẹ̀ tí kò bá ní àkókò tó péye, àhesọ ni. Jẹ́ kí gbogbo wọn máa gba aago lọ́wọ́ ẹyọ kan. Bí aago àwọn kan nínú lọ́ọ̀gì tó wà lọ́wọ́ rẹ kò bá sì pé, sọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó bi ọ́.

Inú mi dùn sí ìwọ ọmọ yìí níbi kan. O ní láti ọ̀sẹ̀ kìíní lo ti rí i pé ohun tí súíìṣì bá kọ sórí ara rẹ̀ máa ń pa rẹ́ bí iná bá lọ, o sì ní kó máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan tó wà ní sítọ́ọ̀, tí wáyà tirẹ̀ já sí ojú ihò mìíràn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ọgbọ́n orí rẹ ni. Kí ọ̀gá yín tó rántí kọ̀ǹpútà yẹn, tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé ní ẹ̀dà mẹ́ta. Jẹ́ kí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ fọwọ́ sí i, kó kọ déètì. Má yọ nǹkan kan, má fi kún un, kódà bí o bá rí ibi tí ẹ̀rọ ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ. Fún Àlàbá ní ẹyọ kan mú bọ̀ fún mi bó bá ti gbé omi sílẹ̀ tán.

Ohun tó kù yìí, n kò fún un ní nọ́ńbà. Mo bí ọ, mo mọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, o sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé o rí ọ̀rọ̀ wáyà náà nínú lọ́ọ̀gì fún ọjọ́ mẹ́rin kí o tó sọ fún Ràfíù, nítorí pé àlejò ni ọ́, o kò fẹ́ kí wọ́n ní o ti bẹ̀rẹ̀ àṣejù. Ohun tó ń dẹ́rù bà ọ́ gan-an nìyẹn. Ẹ̀rù ọ̀gá yín kọ́ ni gbogbo rẹ̀. O mọ̀ pé bí o bá gbé ìwé náà kalẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin tìrẹ wà nínú rẹ̀. Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Sọ ọ́ fúnra rẹ kí ẹlòmíràn tó tọ́ka sí i. Wọ́n lè lé ọ, n kò ní tàn ọ́ jẹ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Bí wọ́n bá lé ọ, yàrá rẹ ṣì wà nílé, n kò tíì gbé nǹkan kan síbẹ̀. Ìtìjú oṣù kan ni. Èmi tí mo yan irọ́ kí wọ́n má baà lé mi, wo bí mo ṣe rí.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó mú bírò, mo lọ sí Oko Ọba. N kò lè kọ ohun tí èmi fúnra mi kò ṣe sí ọ. Bùọ̀dá Àkànní jókòó sídìí tábìlì kékeré kan, rédíò kan wà ní títú níwájú rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun tán. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí n dìde, ó fa bẹ́ǹṣì fún mi. Mo sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan náà láìmí, pé èmi ni mo rán an, pé mo ní n kò rán an, pé ìwé yẹn irọ́ ni. Ó fi irin tó fi ń jó wáyà sílẹ̀.

Ó ní, "Ràlíátù, ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn kọ́ ló dùn mí. Gbogbo wa la máa ń kọ irọ́ síbẹ̀. Àmọ́ fún oṣù méje, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn, mo máa ń rò pé o ti lọ sọ̀rọ̀ ni."

Kò bú mi. Ó mú irin rẹ̀, ó padà sídìí rédíò. Mo sunkún láti ibẹ̀ dé ilé, n kò sì bò ó mọ́ ẹnikẹ́ni lójú.

Àṣàkẹ́, ọmọ mi, láti òkè lẹ́tà yìí ni mo ti ń kọ̀wé bí ẹni pé Ọjọ́bọ̀ lo máa sọ̀rọ̀. Mo gbà á padà. Má dúró de Ọjọ́bọ̀, má jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ kí o tó lọ. Bí o bá ti ka lẹ́tà yìí tán, lọ tẹ ìwé náà jáde, kí o sì wá alága ìgbìmọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Òní ló di ọjọ́ karùn-ún tí Ràfíù ti wà níbẹ̀, ó mọ̀ pé o rí lọ́ọ̀gì náà. Wọ́n á ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan lónìí.

Ìyá rẹ tó bí ọ, tí ojú ti tì, tó sì dúró tì ọ́,
Ràlíátù.